Pèpéle Pákó àbí Ìta Kọnkéré: Kí Ni Ilẹ̀ Yín ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Lè Gbà?

Nígbà tí ilé bá parí ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, iwájú ilé ló sábà máa ń kù. Òjò oṣù kẹrin á bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ á bá bàtà wọ pálọ̀, onílé á sì máa wá ibi tó lè gbé àga sí ní ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ àga ń rì. Bí ó bá pe bíríkìlà, bíríkìlà á ní kọnkéré ni kó dà síbẹ̀. Bí ó bá pe káfíńtà, káfíńtà á ní pákó ló bá ìgbà mu, pé irú rẹ̀ ni àwọn olówó ń ṣe ní Lẹ́kí. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tí kálukú mọ̀ ni ó ń polówó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ wọn ni ìdáhùn wà, inú ilẹ̀ tí ilé dúró lé lórí ló wà.

Kí n tó máa ṣàlàyé, ibi tí mo dúró sí nìyí. Lórí ilẹ̀ pupa tó ga, ẹ da kọnkéré. Létí ọ̀sà àti lórí ilẹ̀ àbàtà, ẹ kan pèpéle pákó tó ga sókè, kó sì jẹ́ igi gidi. Bí owó kò bá tó ra igi gidi, ẹ má kan pákó rárá.

Ilẹ̀ Ìkòròdú kò rí bákan náà káàkiri. Láti Sábọ̀ títí dé Odògùnyàn àti lójú ọ̀nà Ṣágámù, ilẹ̀ ga, ó pupa, ó sì le. Bí òjò bá rọ̀, omi á ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Májídun, sí Báyékù, tàbí sí etí omi ní Ìjẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, á rọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ á sì sún mọ́ òkè. Ẹ̀pẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Òkè wà nínú ìlú, ọ̀sà sì wà nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó sì jẹ́ ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ kún. Bí wọ́n bá ti kún un tán, ojú kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ilẹ̀ líle mọ́.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà mọ̀ ọ́n láìsan kọ́bọ̀. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn dé orúnkún níbi tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ sí, kí ẹ fi nǹkan bò ó kí òjò má bàa rọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá bá omi nínú rẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ni. Bí kòtò bá gbẹ, tí ògiri rẹ̀ kò wó, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ yín le. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè wo ògiri ọgbà àwọn aládùúgbò: ìlà tí ẹrẹ̀ fà síbẹ̀ máa ń sọ ibi tí omi ga dé. Ó tún lè bi wọ́n léèrè bí kànga wọn ṣe jìn tó.

Omi tó ń da ìtòsí Májídun àti Àjẹgunlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú láàmú kì í ṣe ti òjò ibẹ̀ nìkan. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1983, máa ń tú omi sílẹ̀ sínú odò Ògùn nígbà tó bá kún, omi náà á sì wá rọ́ sí ìsàlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omíyalé burú débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn ará Àjẹgunlẹ̀ lọ sí àgọ́ ní Àgbọ̀wà. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé lágbègbè yẹn kò gbọdọ̀ fi òjò oṣù kẹfà nìkan ṣe ìwọ̀n. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni kó fi sọ́kàn, torí ìgbà yẹn ni omi òkè máa ń dé.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí kọnkéré, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ṣe, òun sì ni wọ́n ń ṣe burúkú jù. Ká ní ibi tí ẹ fẹ́ tẹ́ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ ní 10. Àga mẹ́fà àti tábìlì kan máa gba ibẹ̀ dáadáa. Bí kọnkéré bá nípọn ní íńṣì 4, tí ẹ sì pò ó ní símẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, gíránáìtì mẹ́rin, àpò símẹ́ǹtì 8 ló máa gbà. Lójú iṣẹ́, àwọn bíríkìlà máa ń fi bárò wọ̀n ọ́n: àpò kan sí bárò iyanrìn kan àti bárò gíránáìtì méjì. Ẹ ka bárò náà fúnra yín. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń da bárò iyanrìn méjì sí àpò kan, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Irú símẹ́ǹtì náà ṣe pàtàkì. Ní 2014, àjọ SON, tó ń bójú tó ìwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, là á sílẹ̀ pé símẹ́ǹtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, pé 42.5 ni kí a máa fi da kọnkéré. Nọ́ńbà yìí wà lára àpò. Ẹ kà á kí wọ́n tó já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Iyanrìn tí wọ́n ń wà nínú ọ̀sà ní apá Ìkòròdú pọ̀, ó sì rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n omi òkun máa ń wọ ọ̀sà yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ sì máa ń bá iyanrìn náà jáde. Iyọ̀ kò dí símẹ́ǹtì lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, irin inú kọnkéré ló ń jẹ. Irin á dípẹtà, á wú, kọnkéré á sì là láti inú wá. Bí ẹ máa lo wáyà BRC (àwọ̀n irin tí wọ́n ń tẹ́ sínú kọnkéré), ẹ ra iyanrìn tí òjò ti fọ̀ nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí ẹ da omi lé e lórí kí ẹ tó pò ó. Wáyà náà fúnra rẹ̀, àárín kọnkéré ló yẹ kó wà. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà máa ń tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ lásán, wọ́n á wá da kọnkéré lé e lórí. Wáyà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá kò ṣe nǹkan kan fún kọnkéré, owó lásán ni. Ẹ fi òkúta kéékèèké gbé e sókè.

Kí ẹ tó da ohunkóhun, ẹ wa ilẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò kúrò. Ẹ da yẹ̀pẹ̀ pupa síbẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sì gún un títí tí ìgìgísẹ̀ kò fi ní rì mọ́. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ kún, gígún nìkan kò tó: ilẹ̀ yẹn ṣì máa rọlẹ̀, bí ó bá sì ṣe ń rọ̀ ni kọnkéré á máa là. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i fún ọdún kan ó kéré tán, ọdún méjì ló dára jù. Àwọn tí kò ní sùúrù yìí ló ń pààrọ̀ ìta wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Omi ni nǹkan tó kù tí wọ́n fi ń ba kọnkéré jẹ́. Bíríkìlà fẹ́ràn kó rọ̀ bí ògì, torí á rọrùn láti tẹ́. Omi tó bá pọ̀ jù á gbẹ kúrò, á fi ihò kéékèèké sílẹ̀, kọnkéré á sì máa yọ eruku. Nígbà tí ẹ bá tẹ́ ẹ tán, ẹ fún un ní ìdagẹ̀rẹ̀: ìdámẹ́rin íńṣì lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kúrò lára ògiri ilé. Lórí ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn jẹ́ íńṣì 3. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n omi á rí i. Ojú kọnkéré náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ ní íńṣì 6, kí omi má bàa bá abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kí ògiri má sì máa fa omi mu.

Kọnkéré máa là dandan, torí ó ń sún kì nígbà tó bá ń gbẹ. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni láti yan ibi tó máa là sí. Ẹ ní kí bíríkìlà fa ìlà tó jìn ní íńṣì kan sí àárín rẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀, kó má sì sí apá kan tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ láìní ìlà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dán ojú rẹ̀ bíi gíláàsì. Kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá a lórí díẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Ewédò máa ń hù sórí kọnkéré dídán nígbà òjò, àgbàlagbà tó bá sì ṣubú níbẹ̀ lè má tètè dìde. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Ìyẹn kì í ṣe àṣejù. Omi ló ń jẹ́ kí símẹ́ǹtì le, bí ó bá gbẹ ní ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ á dúró sí. Kí ọkọ̀ má gun orí rẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 28, bí ẹ bá sì mọ̀ pé ọkọ̀ á máa dúró síbẹ̀, íńṣì 4 kò tó, ẹ jẹ́ kó di 6, kí ẹ sì fi irin sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn onílé kì í rántí àfi tó bá ti pẹ́: ṣọ́kàwéè. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú, iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé ni ó wà, páìpù omi náà sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá da kọnkéré bò ó, ní ọjọ́ tó bá kún, òòlù lẹ máa fi wá a. Ẹ ya ibi ìdérí rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ sì ya àwòrán ibi tí páìpù gbà pamọ́. Ní ti èyí, pákó sàn jù, nítorí a lè tú u ká sì tún kàn án padà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń da kọnkéré bo gbogbo ọgbà, láti géètì dé ẹ̀yìn ilé. Omi tó yẹ kí ilẹ̀ mu á di àgbàrá, á gba abẹ́ géètì jáde, á sì wọ ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìwà kò-kàn-mí ni. Ẹ tẹ́ ibi tí ẹ ń jókòó, ẹ tẹ́ ọ̀nà tí ẹ ń rìn, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún koríko tàbí ewébẹ̀. Íńtálọ́ọ̀kì dára díẹ̀ ju kọnkéré lọ ní ti pé omi ń gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò bá le, á rì ní kòtò-kòtò.

Ó wá ku pákó. Àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn tó ń gbé létí ọ̀sà wa ti ń kọ́ ilé àti pèpéle lórí òpó igi láti ìran dé ìran, irú èyí tí gbogbo ayé ń lọ wò ní Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin. Lórí ilẹ̀ tí kò dúró, wọn kì í bá ilẹ̀ jà. Wọ́n á ri òpó, wọ́n á gbé ibùgbé wọn ga ju omi lọ, bí òpó kan bá jẹrà, wọ́n á pààrọ̀ òun nìkan. Kọnkéré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí àbàtà, bí igun kan bá rì, gbogbo rẹ̀ ló fọ́.

Ṣùgbọ́n igi ju igi lọ, ibí sì ni wọ́n ti ń rẹ́ onílé jẹ jù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ Timberville sí Àgbọ̀wà, lágbègbè Ẹ̀pẹ́, láti kó àwọn tó ń la pákó ní Oko Baba ní Èbúté Mẹ́tà lọ síbẹ̀, nítorí náà pákó kò jìnnà sí wa mọ́. Bí ẹ bá dé ilé ìlapákó, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ dárúkọ igi. Ẹ́kì ló le jù. Ó wúwo débi pé bí a bá sọ ọ́ sínú omi, á rì, òun sì ni wọ́n fi ń ṣe òpó èbúté, torí kòkòrò inú omi kò lè lu ú bọ̀rọ̀. Ó ń ba ayùn jẹ́, ìṣó kò sì lè wọ̀ ọ́ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ lu ihò. Ìrókò rọrùn láti lò jù ú lọ, ikán kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Òpèpè àti apá náà dára níta. Àfàrà kò yẹ níta bó ti wù kó tọ́ tó. Arère ńkọ́? Ẹ gbàgbé rẹ̀. Òjò ìgbà méjì-mẹ́ta ti tó fún un láti jẹrà.

Orúkọ nìkan kò tó. Inú ìrókò ló ní agbára, ìyẹn apá tó ní àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ̀yìn igi, tó funfun, tó sún mọ́ èèpo, ni ikán máa ń jẹ bí ó ti ń jẹ igi mìíràn. Ẹni tó ń ta pákó á tọ́ka sí i pé ìrókò ni, òtítọ́ ló sì sọ, ṣùgbọ́n funfun tó wà létí pákó yẹn ni ikán máa kọ́kọ́ wá. Ẹ yẹ pákó wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ kọ èyí tí funfun rẹ̀ pọ̀. Ẹ tún bi wọ́n bóyá ó gbẹ. Pákó tútù á sún kì nígbà ọyẹ́, á yí, á sì fa ìṣó yọ.

Iṣẹ́ káfíńtà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Igi kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà mọ òpó kúkúrú pẹ̀lú kọnkéré, kó ga ju ilẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì ga ju ìlà omi tí ẹ rí lára ògiri àdúgbò. Kí wọ́n fi pánù tó yọ etí síta dé orí òpó kọ̀ọ̀kan kí igi tó jókòó lé e. Ìdí rẹ̀ nìyí: ikán inú ilẹ̀ kì í rìn ní gbangba, ó máa ń fi ẹrẹ̀ mọ ọ̀nà gun òpó. Bí ó bá dé etí pánù, ó ní láti yọ síta kó tó lè kọjá, ojú yín á sì rí ọ̀nà rẹ̀. Ẹ ha á dànù, ẹ fi oògùn sí i. Àyè tó wà lábẹ́ pèpéle gbọ́dọ̀ gba ẹni tó fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tí kò bá ní àyè fún ìyẹn, kí ó lọ da kọnkéré.

Pákó oní-íńṣì 2 lè gbára lé igi ìdábùú tó jìnnà sí ara wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí ó bá jẹ́ oní-íńṣì kan, kí igi ìdábùú má jìnnà ju íńṣì 16 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa jó lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ fi àlàfo bíi fífẹ̀ ìka ọmọ kékeré sáàárín pákó àti pákó, kí omi lè jò sílẹ̀. Ìṣó lásán kò dára níta. Ó máa dípẹtà, á sì fa àmì dúdú sára ìrókò. Ẹ lo síkírù tí wọ́n ti fi síǹkì bò, kí ẹ sì fi bóòtù de àwọn igi ńlá.

Àwọn káfíńtà wa fẹ́ràn láti fi kọ́ńdẹ́mù, epo ẹ́ńjìnnì àlòkù, kun igi nítorí ikán. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òjò á fọ̀ ọ́ wọ ilẹ̀, kànga yín sì lè wà ní ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọdé á tún jókòó lé e. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lò ó. Solignum tàbí oògùn igi mìíràn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ lò. Ẹ kun ẹnu ibi tí wọ́n ti gé igi jù, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, kí ẹ sì tún un kùn lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ti ìgbádùn, pákó ló borí. Kọnkéré tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ ṣì máa ń gbóná ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ṣùgbọ́n pákó máa ń tètè tutù. Kọnkéré nílò ìbòjì, ẹ má sì gbin igi furútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi wá a, torí gbòǹgbò rẹ̀ á gbé kọnkéré sókè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣe ìnáwó, tí wọ́n fẹ́ ta kánópì, tí wọ́n fẹ́ dáná níta, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ fẹ́ jókòó, kọnkéré ni.

Ní ti owó, símẹ́ǹtì kò dúró lójú kan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àpò kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, títí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Síbẹ̀, ìta kọnkéré tí a ṣe dáadáa máa ń kéré lówó ju pèpéle ìrókò tàbí ẹ́kì lọ, kò sì ní béèrè owó oògùn lọ́dọọdún. Pèpéle àfàrà ló dà bíi pé ó pọ́ọ́kú jù ní ọjọ́ tí wọ́n kàn án, òun ló sì wọ́n jù ní ọdún kẹrin.

Bí ilẹ̀ yín bá wà láàárín méjèèjì, tí ìdajì rẹ̀ le, tí ìdajì sì ń mu omi, kò sí òfin tó ní kí ẹ mú ọ̀kan. Ẹ da kọnkéré sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí jù, kí ẹ sì kan pákó sórí òpó ní apá tó dagẹ̀rẹ̀ sí omi. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ohunkóhun sórí ojú àgbàrá tàbí sí etí kánààlì, torí ìjọba máa ń wó o, wọn kì í sì í san owó padà.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà, yálà ti bíríkìlà tàbí ti káfíńtà. Kí ẹ sì tó san owó iṣẹ́ tó kù, ẹ da garawa omi mẹ́ta sórí rẹ̀ lójú oníṣẹ́. Bí omi bá dúró lójú kan, tàbí tó ṣàn padà sí ẹnu ilẹ̀kùn, iṣẹ́ kò tíì parí, ẹ di owó yín mú.